Ṣé O Mọ̀? Ekòló Lè Bá Ọ Jẹ Pàǹtí Ibi Iṣẹ́ Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé ekòló kò ní eyín kankan? Iwe ló fi ń lọ oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí adìyẹ ṣe ń ṣe. Á gbé yanrìn wẹ́wẹ́ mì, yanrìn á bá a lọ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tó ti ń rà àti páálí tó ti rin, títí gbogbo rẹ̀ á fi kúnná. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sin ekòló fi máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan, tàbí èèpo ẹyin tí wọ́n ti gún, sínú àpótí rẹ̀ kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ àkọ́kọ́.

Ṣé o mọ̀ pé kò ní ẹ̀dọ̀fóró náà? Awọ ara ló fi ń mí, awọ ọ̀hún kò sì lè mí àfi bó bá tutù. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, ó kú. Bó bá há sínú omi tí kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀ mọ́, ó kú bákan náà. Fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí wàá kà níwájú, ti iyọ̀ ni o, ti epo ni o, ti omi ni o, ọ̀rọ̀ awọ yìí ló bí gbogbo wọn.

Ṣé o mọ̀ pé kò lójú, síbẹ̀ ó mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́? Ara ló fi ń mọ ìmọ́lẹ̀, á sì sá fún un. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni kì í fẹ́ẹ̀ kà sí, òun náà sì ni àwọn olùwádìí fi ń wò ó lóru láìdà á láàmú.

Ṣé o mọ̀ pé akọ àti abo ni ekòló kan ṣoṣo? Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn, méjì ní láti pàdé kí ọmọ tó wà, àwọn méjèèjì ló sì máa ń yé ẹyin lẹ́yìn náà.

Ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún wa ní kékeré, pé bí a bá gé ekòló sí méjì, á di ekòló méjì? Apá orí lè yè bí ọ̀bẹ bá jìnnà sí orí. Apá ìrù á kú. Nítorí náà, kò sí ohun tí ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ń wá nínú àpótí ekòló. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tú u.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé tí Charles Darwin ṣe kẹ́yìn láyé rẹ̀, orí ekòló ló dá lé? Ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1881, bàbá náà sì kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1882. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń wo ekòló nílé rẹ̀ ní Down, ní agbègbè Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kó wọn sínú ìkòkò oníyẹ̀pẹ̀. Francis ọmọ rẹ̀ fun fèrè ńlá kan sí wọn, wọn ò mira. Wọ́n tẹ dùùrù nítòsí wọn, wọn ò mira. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò lé orí dùùrù gan-an tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, àwọn ekòló sá wọ ihò wọn kíá. Kò sétí lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ilẹ̀ tó bá ń gbọ̀n. Jẹ́ kí ìyẹn náà wà lọ́kàn rẹ, a máa nílò rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá kan jẹnẹrétọ̀.

Darwin ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gé ìwé ìkọ̀wé sí onígun mẹ́ta, 303 ni gbogbo rẹ̀, ó fi ọ̀rá pa wọ́n lára kí ìrì má bàa tètè rin wọ́n, ó fọ́n wọn sílẹ̀ lóru. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ekòló á mọ ibi tó rọrùn jù láti fi fa ìwé wọ inú ihò. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fà wọlé, ibi ṣóńṣó ni wọ́n ti fa 62. Ó tún ṣírò pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erùpẹ̀ tó ń gba inú ekòló kọjá lórí éékà kan lọ́dún kan lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti mi ayé tìtì tẹ́lẹ̀ fi ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ka ìwé tí ekòló fà. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an nítorí èyí.

Àwọn àgbà wa ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ṣé o wá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ekòló ni ilẹ̀ ń lanu fún? Marcel Bouché, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta ní àwọn ọdún 1970. Àwọn kan ń gbẹ́ ihò jíjìn lọ sísàlẹ̀. Àwọn kan ń gbé inú erùpẹ̀, erùpẹ̀ náà ni wọ́n sì ń jẹ. Àwọn ìkẹta kì í wọlẹ̀ jìnnà: abẹ́ ewé tó ń rà, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, etí ààtàn tó tutù ni ilé wọn. Àwọn ìkẹta yìí nìkan ló mọ iṣẹ́ tí à ń sọ. Bí o bá wa ekòló inú ilẹ̀ jíjìn sínú àpótí èèpo, yóò sá lọ, tàbí kó kú síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọdún 2022, oúnjẹ tí aráyé dà nù tó bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù? UNEP, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló gbé ìṣirò náà jáde ní 2024. Inú ilé ni ìdá 60 nínú 100 ti wá, ṣọ́ọ̀bù ló ni ìdá 12. Ìdá 28 tó kù jẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì, búkà, kantíìnì ilé-iṣẹ́, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ìdá 28 yẹn ni mo kọ èyí fún.

Ṣé o mọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèpo iṣu tí ọkọ̀ pàǹtí kó lọ? Wọ́n á da ìdọ̀tí mìíràn lé e, wọ́n á tún da òmíràn lé ìyẹn, títí atẹ́gùn kò fi ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò atẹ́gùn á wá gbà á jẹ, ohun tí wọ́n sì ń tú jáde ni gáàsì methane. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 28 tọ́ọ̀nù carbon dioxide kan, bí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọ̀n ọ́n. Ààtàn Olúṣosùn ní Ọjọ́ta, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í gba pàǹtí ní ọdún 1992. Iná sọ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018, èéfín sì bo àwọn tó ń gbé àdúgbò náà. Èèpo tó dé ibẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́. Bẹ́ẹ̀ nínú àpótí ekòló, atẹ́gùn ń wọlé, ekòló ń la ọ̀nà fún un káàkiri, èèpo náà sì ń di ohun tí ẹ̀fọ́ ń jẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ibi iṣẹ́ rọrùn fún ekòló ju ọ̀pọ̀ ilé lọ? Èyí ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù lọ, nítorí àwọn ènìyàn sábà máa ń rò ó ní òdìkejì. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, èèpo iṣu kì í di pàǹtí rárá. Ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, adìyẹ á ṣa èyí tó bá kù. Kò sí ewúrẹ́ ní ọ́fíìsì. Ohun tó wá wà níbẹ̀ ni ìwé, ekòló sì nílò ìwé gan-an. Èèpo àti ewé tútù kún fún náítírójìn. Bí ó bá jẹ́ àwọn nìkan ló wà nínú àpótí, á gbóná, á rin gbindin, á sì máa rùn. Ìwé àti páálí ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀. Wọ́n ń fa omi mu, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń wá ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù bíi 25 sí 30 sí náítírójìn 1. O kò nílò ẹ̀rọ kankan láti wọn èyí: bí o bá da korobá èèpo kan, da korobá méjì ìwé gígé lé e. Ilé tí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́wẹ́ wà ní yàrá kan, tí kantíìnì sì wà ní yàrá kejì, ti ní oúnjẹ ekòló àti ibùsùn rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Ohun tó kù ni kí àwọn yàrá méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ ìwé tí kò yẹ kó wọ ibẹ̀? Ìwé tó ń dán bíi ti ìpolówó. Rìsíìtì POS àti ti ATM náà, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú kẹ́míkà ni wọ́n fi kun púpọ̀ nínú wọn kí ooru lè kọ̀wé sí i lára. Ìwé lásán, páálí tí a ti yọ gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ̀pù kúrò lára rẹ̀, ìwé ìròyìn: àwọn wọ̀nyí dára.

Kọfí tí a ti sẹ́, ekòló fẹ́ràn rẹ̀ níwọ̀nba. Tíì náà dára, ṣùgbọ́n ya àpò rẹ̀ kúrò. Ike wà nínú ọ̀pọ̀ àpò tíì, ewé tíì nìkan ni ekòló á sì jẹ, á fi àpò sílẹ̀ fún ọ.

Ṣé o mọ̀ pé pápákọ̀ òfurufú kan ní ekòló mílíọ̀nù 1.9? Charlotte Douglas ni, ní North Carolina, l'Amẹ́ríkà, ní ọdún 2012. Nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ á ṣa pàǹtí tí àwọn èrò ọkọ̀ àti àwọn ilé oúnjẹ dà nù, wọ́n á yọ ike, agolo àti ìwé sọ́tọ̀. Apá tó jẹ́ oúnjẹ á kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ kan tí yóò ti gbóná fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ ẹ fún ekòló. Òdòdó àti igi inú ọgbà pápákọ̀ náà ni wọ́n ń fi ajílẹ̀ rẹ̀ tọ́jú. Ìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń jẹ́ kó gbóná dára láti mọ̀: ooru ń pa kòkòrò àrùn, ó ń pa hóró irúgbìn, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ líle rọ̀. Ekòló fúnra rẹ̀ kì í mú pàǹtí gbóná. Ìdí rèé tí tòmátò àti ata fi máa ń hù nínú ajílẹ̀ tí kò gba inú ooru yẹn kọjá.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Monroe, ní ìpínlẹ̀ Washington, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú ekòló bíi 200. Àwọn fúnra wọn kan àpótí láti ara ohun tí wọ́n ti sọ nù, wọ́n ń gba àjẹkù ilé ìdáná ọgbà ẹ̀wọ̀n, iye ekòló wọn sì di mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀. Ẹni bá ní ilé-iṣẹ́ òun kò lówó tí òun fi máa bẹ̀rẹ̀, kó wo ibi tí àwọn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Cape Town, hòtẹ́ẹ̀lì Mount Nelson, ọ̀kan nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi ní Gúúsù Áfíríkà, ti fi èèpo ilé ìdáná rẹ̀ bọ́ ekòló rí. Ní New Zealand, ilé-iṣẹ́ MyNoke ń kó ẹrọ̀fọ̀ tó ń jáde láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé àti ti wàrà fún ekòló.

Ṣé o mọ̀ pé ekòló ń fọ omi ìdọ̀tí pàápàá? José Tohá, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chile, ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀: omi ìdọ̀tí á máa sẹ̀ gba inú ẹ̀rún pákó tí ekòló ń gbé kọjá, ìdọ̀tí á dúró lókè fún ekòló láti jẹ, omi tó mọ́ á sì jáde nísàlẹ̀. Ní 2016, Fetzer, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wáìnì ní California, kéde pé gbogbo omi tí òun fi ń fọ ilé-iṣẹ́ ni òun á máa gbà bẹ́ẹ̀ kọjá.

Ṣé o mọ̀ ohun tí ekòló ṣe ní Kúbà? Àpótí kékeré méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba Soviet tó ń tà fún wọn ní owó pọ́ọ́kú túká, ajílẹ̀ òyìnbó kò sì wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 1992, ajílẹ̀ ekòló tí wọ́n ṣe ní erékùṣù náà ti tó tọ́ọ̀nù 93,000. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ títí dòní ni èyí tí wọ́n ń pè ní ekòló pupa ti Áfíríkà.

Níbo ní Áfíríkà? Ọ̀dọ̀ tiwa ni.

Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni Eudrilus eugeniae, láti 1867 ni wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Ó gùn, ó ń yára, ara rẹ̀ ń dán bí oòrùn bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín eérú àti àlùkò. Bí o bá tú ilẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ń ṣàn sí, ó ṣeé ṣe kó o rí i. Ọ̀pọ̀ wa ti fi ọmọ ìyá rẹ̀ kọ́ ìwọ̀ lọ sódò. Wọ́n ń sìn ín ní Íńdíà, wọ́n ń sìn ín ní Philippines, wọ́n ń tà á l'Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀ àti àwọn apẹja. Ó dùn mí pé a ní i lẹ́yìnkùlé lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ń sanwó kí wọ́n wá bá wa kó oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yà kejì tí òkìkí rẹ̀ kàn ni Eisenia fetida, ekòló pupa tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sìn jù. Òun ni Mary Appelhof, ará Kalamazoo ní Michigan, kọ̀wé lé lórí ní 1982, ìwé náà ló sì sọ àpótí ekòló di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé sínú ilé àti kíláàsì l'Amẹ́ríkà. Eisenia yìí fẹ́ ìwọ̀n ooru 15 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó bá sì kọjá 35, ó ń kú. Tiwa fẹ́ 25 sí 30, òtútù ló ń pa á. Wo ooru oṣù Kẹta ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó kó o sọ èwo nínú méjèèjì ni kí ilé-iṣẹ́ wa sìn. Ẹni tó bá ní kí o sanwó ekòló láti òkè òkun wá, má dá a lóhùn.

Ní Ìbàdàn yìí kan náà, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, Rattan Lal, onímọ̀ nípa erùpẹ̀, ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ wa láti 1970 títí di 1987. Òun àti De Vleeschauwer, akẹgbẹ́ rẹ̀, yẹ imí ekòló wò nínú igbó ibẹ̀, ìwé wọn jáde ní 1981: oúnjẹ tí irúgbìn ń wá pọ̀ nínú rẹ̀ ju èyí tó wà nínú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Ní 2020, Lal gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Àwọn òkìtì ṣóńṣó kéékèèké tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà oko lásìkò òjò, ohun tí onímọ̀ jókòó tì nìyẹn.

Ó yá, jẹ́ ká wọ kantíìnì.

Ṣé o mọ̀ pé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kì í ṣe oúnjẹ ekòló? Iyọ̀ inú rẹ̀ ń fa omi jáde lára ekòló, epo inú rẹ̀ ń dí awọ tó fi ń mí. Ẹran àti ẹja ń pe eṣinṣin àti eku. Níbí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á gbé korobá kan sílẹ̀, wọ́n á kọ “oúnjẹ ekòló” sí i lára, gbogbo ènìyàn á sì da àwo wọn sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti rùn, ọ̀gá ti ní kí wọ́n gbé e kúrò. Korobá méjì ni ó yẹ kó wà, kì í sì í ṣe ibì kan náà ni wọ́n á wà. Èkíní wà lọ́wọ́ àwọn tó ń dáná, fún ohun tí kò tí ì dé inú ìkòkò: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi ewédú, igi ṣọkọ, èèpo ìbẹ́pẹ, ewé tó ti pọ́n. Ìkejì wà níbi tí a ti ń jẹun, fún àjẹkù. Àjẹkù ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ wà, ajá wà. Èkíní nìkan ni ti ekòló.

Èèpo ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà àti ata, díẹ̀ ni kó jẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Sá a fún ọjọ́ mélòó kan kó o tó fi síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ iye tí wọ́n lè jẹ? Bí ara bá rọ̀ wọ́n, kílò ekòló kan lè jẹ tó ìdajì kílò pàǹtí lóòjọ́. Má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, fún wọn ní ìdá mẹ́ta rẹ̀, kí o tó fi òmíràn kún un, wò ó bóyá èyí tó wà níbẹ̀ ti ń tán. Gé èèpo kéékèèké, bò ó mọ́ abẹ́ ìwé, eṣinṣin ò ní í rí i.

Àpótí náà kò le. Ike ńlá tí a lu ihò sí nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó, pákó náà tó. Ìdérí ṣe pàtàkì nítorí adìyẹ, aláǹgbá àti asín. Ìjàlọ ló burú jù nínú ọ̀tá ekòló ní ilẹ̀ wa: alẹ́ kan ṣoṣo tó fún wọn láti pa odidi àpótí run. Gbé àpótí sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí o ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú abọ́ olómi, kí omi náà má sì gbẹ.

Ibo la ó gbé e sí? Abẹ́ ibòji, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀, bó ti wù kí àyè wà níbẹ̀ tó. Ooru wà níbẹ̀, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lọ́sàn-án àti lóru. Ohun tí àwọn ekòló Darwin ṣe lórí dùùrù náà ni tìrẹ á ṣe, àfi pé tìrẹ á jáde pátápátá.

Ṣé o mọ̀ pé ekòló tiwa yìí ń rìn gan-an? Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, tàbí bí ibùgbé bá ṣàjèjì sí i, ó lè ṣí kúrò lóru. Tan iná sí òkè àpótí fún àwọn alẹ́ àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ á dá a padà sísàlẹ̀ títí ibẹ̀ á fi mọ́ ọn lára.

Bu ohun tó wà nínú àpótí, kí o fún un lọ́wọ́. Bí omi kán tótó bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó dára. Bó bá ń ṣàn, fi ìwé gbígbẹ kún un. Bí kò bá kán rárá, wọ́n omi sí i.

Ṣé o mọ̀ pé òórùn dídùn tí ilẹ̀ máa ń ní nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn án ni àpótí ekòló tó bá pé máa ń ní? Geosmin ni wọ́n ń pe ohun tó ń fa òórùn náà, 1965 ni wọ́n sì fún un ní orúkọ yẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń ṣe é. Nítorí náà, bí àpótí bá ń rùn, kì í ṣe ekòló ló ń rùn. Oúnjẹ tí o fún wọn ti pọ̀ ju ẹnu wọn lọ. Má fún wọn ní nǹkan mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, fi ọwọ́ tú u kí atẹ́gùn wọlé, da ìwé gbígbẹ lé e.

Bí o bá rí ìdin ńlá aláwọ̀ eérú tó ń já wọra nínú àpótí, má dà á nù. Ìdin eṣinṣin dúdú kan tí kì í bà lé oúnjẹ wa ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Àwọn náà ń jẹ pàǹtí. Ìdí tí wọ́n fi wá ni pé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé ọlidé kì í ṣe ìṣòro? Bí ìwé bá wà nínú àpótí tí ó sì tutù, ekòló lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìsí oúnjẹ tuntun. Iléyá lè dé, Kérésìmesì lè dé, kí wọ́n ti ọ́fíìsì pa.

Ìṣòro gidi ni ọ̀rọ̀ pé ta ló ni ín. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá á ní èrò rere ní yàrá ìpàdé, iṣẹ́ á wá bọ́ sí ọrùn ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, láìsí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ekòló kò ní í pẹ́ kú nírú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n á sì dá lẹ́bi. Kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ẹnì kan, fi owó kún owó rẹ̀, fún un ní ìbọ̀wọ́, fún un ní wákàtí rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, kí ajílẹ̀ tó bá jáde sì kàn án. Ilé-iṣẹ́ tó lè sanwó fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lè sanwó fún ẹni yìí.

Ṣé o mọ̀ ìgbà tí a ń kórè? Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nígbà tí o kò bá mọ èèpo yàtọ̀ sí ìwé mọ́, tí gbogbo rẹ̀ ti dúdú. Da á sórí tapólì nínú ìmọ́lẹ̀, kó o pín in sí òkìtì-òkìtì. Ekòló á sá lọ sísàlẹ̀. Há òkè òkìtì kúrò, dúró díẹ̀, tún há a, títí yóò fi ku kìkì ekòló.

Ajílẹ̀ náà lágbára, ó sì níwọ̀n. Nínú ìkòkò òdòdó tàbí àpò tí ẹ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí, ìdá 10 sí 20 nínú 100 ti tó, erùpẹ̀ á kó èyí tó kù. Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, Clive Edwards àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, rí i pé kò dìgbà tí ajílẹ̀ bá pọ̀ jaburata kí irúgbìn tó ṣe dáadáa. Omi dúdú tó ń sẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí ńkọ́? Má bù ú sórí ẹ̀fọ́ tí wọ́n á jẹ ní tútù. Ìdí igi àti òdòdó ni kó lọ, lẹ́yìn tí o bá ti fi omi là á dáadáa.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kórè fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í rántí: ẹyin. Ó kéré, kò ju nǹkan bíi mílímítà 5 lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ajílẹ̀, nítorí náà inú ajílẹ̀ ló máa ń bá lọ. Ẹyin ekòló tiwa máa ń pa ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sì lè jáde nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ náà á sì ti dàgbà kí oṣù méjì tó pé. Nítorí náà, má tíì fọ́n ajílẹ̀ ká. Fi í sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kó máa tutù, kó o sì da èèpo ìbẹ́pẹ bò ó lórí. Àwọn ọmọ tó bá pa á wá bá èèpo náà. Gbé èèpo pẹ̀lú ohun tó rọ̀ mọ́ ọn sínú àpótí kejì tí ìwé rírin ti wà nínú rẹ̀, gbé àpótí náà lọ sí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ yín mìíràn, kó o sì kọ́ ẹni tí wọ́n bá yàn síbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ korobá méjì kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ.